Àkàrà Tí Ràsáàkì Jẹ Lójú Àlá Nínú Ààwẹ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ kà á, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, kó rọra jẹ ẹ́, kí òkèlè má lọ há a lọ́fun, torí ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀fun ni mo gbé wá. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mò ń kọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni o! Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi, nígbà tó ti darúgbó, tí eyín ti kán tán lẹ́nu ẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, tiẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Ìsẹ́yìn ló ti ṣẹlẹ̀, bí ọdún mélòó kan kí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú tó dé. Ọkùnrin kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní Ràsáàkì, aṣọ òfì ló ń hun. Ọ̀jẹ̀túndé ni bàbá ẹ̀ sọ ọ́, torí ilé ọlọ́jẹ̀, àwọn eléégún, ni wọ́n bí i sí. Ìgbà tó gba ẹ̀sìn Ìmàle ló di Ràsáàkì. Kí ló mú un gbà á? Àwọn kan ní ọkàn ẹ̀ ló fà á. Àwọn kan ní Àdìjátù ni. Òun fúnra ẹ̀ ní méjèèjì ni, pé òun ò mọ èyí tó ṣáájú.

Àdìjátù yìí, ọmọ Alùfáà Bàṣírù ni, alùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Òun àti ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́yìn ògiri mọ́ṣáláṣí níbẹ̀. Ibẹ̀ ò fẹ̀ rárá: ààrò kan, àpótí ìjókòó mẹ́ta, ọ̀kan nínú àpótí ọ̀hún sì ń mì. Ràsáàkì ló máa ń jókòó sórí èyí tó ń mì yẹn.

Nígbà tí Ràsáàkì rán àwọn àgbà lọ tọrọ ọmọ, Alùfáà Bàṣírù ní kó wá fúnra ẹ̀. Ó ní, "Ràsáàkì, mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kírun nítorí ìyàwó, bó bá gbé ìyàwó wọlé tán, á ká ẹní ìrun ẹ̀ kọ́ àjà. Mo ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Lọ gba ààwẹ̀ ọdún yìí, má jẹ ẹyọ kan. Bó o bá gbà á pé, ọjọ́ kejì ìtúnu ni màá so yìgì yín. Bó o bá jẹ ẹ́, ọlọ́bì kan ń bẹ ní Ṣakí tó ti ń ránṣẹ́ sí mi nítorí ọmọ yìí, èmi ni mi ò tíì dá a lóhùn."

Ràsáàkì dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́. Ó ní òun á gbà á.

Ó sì ń gbà á. Ẹni tí kò gba ààwẹ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú á máa kùn. Tó bá yá, inú á dákẹ́. Ìgbà tí ààwẹ̀ wá ń lọ sópin, ara á fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, ojú á máa rí nǹkan bíi pé wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó. Ìgbà òjò ni ààwẹ̀ ọdún náà bọ́ sí. Kùrukùru á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè láàárọ̀, á wọ inú ọgbà tí wọ́n ti ń hunṣọ, á dúró láàárín òwú.

Ẹ̀yin tẹ́ ò dé ilé òfì rí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín. Ahunṣọ á jókòó sábẹ́ àtíbàbà, òwú á nà lọ gbọọrọ níwájú ẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n dì í mọ́ òkúta ńlá kan lọ́hùn-ún. Bó ṣe ń hun, òkúta á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òwú ọ̀hún, wọ́n á ti rì í sínú ẹ̀kọ tó ṣàn, wọ́n á sá a sóòrùn, kó le, kó má máa já. Bó bá já náà, ahunṣọ á so ó, á fi eyín gé ṣóńṣó tó yọ. Eyín ni ọ̀bẹ wa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ṣùgbọ́n bí ààwẹ̀ bá ti dé, eyín gba ìsinmi nìyẹn! Ẹni tó ń gbààwẹ̀ á so abẹ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ òfì ẹ̀, òun ni á fi máa gé òwú, nítorí ẹ̀kọ tó wà lára ẹ̀. Ràsáàkì náà so tiẹ̀.

Ààrin Mùílì àti Àjàgbé ló máa ń jókòó. Mùílì ń gbààwẹ̀ ní tiẹ̀, láti kékeré ló ti ń gbà á. Àjàgbé ò kírun. Kó tó jókòó ti òfì, aṣọ ló ń rù kiri tà, kò sí ọ̀nà tí kò tọ̀ ní Òkè-Ògùn. Èèyàn dáadáa ni. Bó bá fẹ́ jẹun, á lọ sẹ́yìn ilé, kó má baà jẹ ẹ́ lójú àwọn tó ń gbààwẹ̀. Ẹnu ẹ̀ nìkan ni kò mọ ẹ̀yìn ilé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀sán ti yẹ̀ díẹ̀, ọjọ́ ìtúnu ò jìnnà mọ́. Àjàgbé ti ẹ̀yìn ilé dé, ó ń nu ẹnu. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Nínú gbogbo àkàrà ẹlẹ́ran tó wà ní Òkè-Ògùn yìí, ti ta ló dùn jù?"

Àkàrà ẹlẹ́ran, oúnjẹ arìnrìn-àjò ni láyé ìgbà yẹn. Wọ́n á gún ẹran pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á yan án lórí ẹyín iná. Wọ́n á wá la àkàrà gbígbóná sí méjì, wọ́n á fi ẹran náà sáàárín, wọ́n á pa á dé. Èèyàn á fi ewé dì í mú, á máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà.

Mùílì tutọ́ sílẹ̀. "Àjàgbé, Ọlọ́run á bi ọ́ o! Ààwẹ̀ ń bẹ lẹ́nu wa."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́? Mo ní kẹ́ ẹ dá a ni. Àbí ẹ tún ń gba ààwẹ̀ etí?"

Àjàgbé wá tẹ̀ síwájú, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ọmọ sùn. "Gàmbàrí kan ń bẹ ní Ṣakí, níbi táwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń sọ ẹrù. Máásà tí wọ́n fi ọkà dín ni tiẹ̀, kì í ṣe àkàrà. Á fi ẹran sáàárín máásà méjì, á bu ẹ̀pà gígún lé e. Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan ní Ìgbẹ́tì, ó ní òmíràn ní Àgọ́-Àmọ́dù. Ibi yòówù kó o ti jẹ ẹ́, adùn kan náà ni! Ó lè rẹ̀ ọ́, kí ìlú ṣókùnkùn sí ọ, bó o bá ti rí èéfín ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, o ti délé nìyẹn. Ti Àgọ́-Àmọ́dù tún ń fi wàrà díndín kún un, àwọn Fúlàní ló ń gbé e wá."

"Irọ́ ni," Mùílì ní. Kò mọ ìgbà tó sọ ọ́. "Ohun tó dùn bákan náà níbi gbogbo, kò tíì dùn níbì kankan. Ṣé o mọ ìyá arúgbó tó wà ní Komu, lábẹ́ igi ẹ̀mí?"

"Èyí tó máa ń bú èèyàn?"

"Òun náà. Òrí ló fi ń dín in, ẹran ìgalà ló ń fi sínú ẹ̀. Kò ní àtẹ, kò ní àpótí, orí gbòǹgbò lo máa jókòó sí, eèrà á máa gùn ọ́. Bí o ò bá wù ú, kò ní tà fún ọ. Ó lé mi lọ́jọ́ kan torí mo ní kó fi ata kún un."

"Ó lé ọ! O wá ṣe báwo?"

"Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

Àjàgbé rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kọ̀ tó fi ń hunṣọ jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹ wo ọkùnrin! Ó dọ̀bálẹ̀ nítorí àkàrà! Ìwọ Ọ̀jẹ̀túndé ńkọ́, ti ta ló dùn jù?"

"Ràsáàkì ni mò ń jẹ́."

"Ràsáàkì ọmọ ọlọ́jẹ̀, ti ta ló dùn jù?"

Kì í ṣe pé Ràsáàkì ò ní tiẹ̀. Bó bá dárúkọ ibẹ̀ ni, wọn ò ní jẹ́ kó gbádùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó tẹjú mọ́ òwú iwájú ẹ̀, ó ń hun lọ. Àwọn méjì yẹn ò dákẹ́. Ọ̀kan á gbé Ṣakí dé, èkejì á fi Komu lù ú. Òfì ń dún kọ́-tì-kọ́, kọ́-tì-kọ́. Òwú funfun, òwú ẹlẹ́lùú, gbogbo wọn nà lọ gbọọrọ sínú ohun tó dà bíi kùrukùru, kò rí òkúta tó wà nípẹ̀kun wọn mọ́.

Ó ní kò yé òun ìgbà tí òwú di ọ̀nà. Ó kàn rí i pé òun ń rìn lórí ẹ̀ ni. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀tún, koríko gíga ni òsì, ìrì wà lára koríko, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì kan ilẹ̀ dáadáa. Ó dé Ṣakí láìrẹ̀ ẹ́. Gàmbàrí na máásà sí i, gbogbo ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló dúró lẹ́yìn ẹ̀, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Ràsáàkì kí wọn, ó kọjá. Ó dé abẹ́ igi ẹ̀mí ní Komu. Ìyá arúgbó tí kì í pe ẹnikẹ́ni, òun ló dìde tó ń pè é, ó ní, "Ọkọ mi, wá jẹ tìrẹ, mi ò ní bú ọ." Ràsáàkì dọ̀bálẹ̀ fún un, ó kọjá. Ọ̀nà ọ̀hún sì ṣẹ́rí padà, ó gbé e lọ sẹ́yìn ògiri kan tó mọ̀. Ààrò kan. Àpótí mẹ́ta. Ó jókòó sórí èyí tó ń mì, kò mì. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ àfi Àdìjátù. Ó ti la àkàrà, ooru ń jáde láàárín ẹ̀, ó gbé e lé ewé. Ó ní, "Ẹ wá jẹun."

Ràsáàkì gé e jẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ojú ayé rèé: òwú kan já. Ọwọ́ ẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti kékeré ò dúró bi í léèrè. Ọwọ́ so òwú, ọwọ́ gbé e lọ sẹ́nu bó ṣe máa ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀, eyín gé e. Òwú ọ̀hún, ẹ̀kọ Ìyá Àdìjátù ni wọ́n fi rì í. Bí adùn ilé yẹn ṣe kan ahọ́n ẹ̀ báyìí, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó gbé ègé ìkínní mì.

"Yéè! Ràsáàkì!"

Ohùn Mùílì ni. Ó gbọ́ ọ bíi pé láti Komu ni wọ́n ti pè é. Ojú ẹ̀ là. Ó rí oòrùn lára òwú. Ó mọ̀ pé ọ̀sán ni, ó mọ̀ pé ààwẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n adùn náà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ó kún ẹnu ẹ̀, ó gbóná. Ó gbé èkejì mì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó tu òwú sílẹ̀.

Àjàgbé dìde. "Ẹ gbà mí! Ọkọ ìyàwó ti jẹ òfì!"

"Pa ẹnu rẹ mọ́," Mùílì ní. Ó fa Ràsáàkì sápá kan. "Fọkàn balẹ̀. O gbàgbé ni. Wọ́n ní ẹni tó bá gbàgbé jẹ, Ọlọ́run ló bọ́ ọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ìkínní, mo gbàgbé," Ràsáàkì ní. "Èkejì, mo mọ̀."

"Ta ló bi ọ́ ní èkejì?"

"Ojú mi ti là, Mùílì. Mo rí oòrùn."

Mùílì wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ààwẹ̀, oṣù méjì gbáko ló máa fi san án. Kó o tó san án tán, ọlọ́bì Ṣakí á ti gbé ọmọ lọ. Èmi ò rí nǹkan kan. Àjàgbé, o rí nǹkan?"

Àjàgbé tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ojú ẹ̀ ti balẹ̀. Ó ní, "Èmi? Mi ò rí nǹkan kan. Mo fi òwú yìí búra, ẹnu mi á dì."

"Ẹnu tìrẹ?" Mùílì ní.

Ràsáàkì padà sídìí òfì, ó fẹ́ hun, kò rí i hun. Ó wo abẹ tó so mọ́ ẹsẹ̀ òfì. Ó ń rò ó pé bí òun bá dákẹ́, gbogbo ìgbà tí Àdìjátù bá ń gbé àkàrà kalẹ̀ níwájú òun ní ọjọ́ ayé òun, òwú ni òun á máa jẹ. Bí òun bá sì sọ ọ́, ẹlòmíì ni wọ́n á máa gbé e kalẹ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó títí wọ́n fi pe ìrun àsárì.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, ó lọ sílé Alùfáà. Àdìjátù ń lọ ẹ̀wà lẹ́yìn ògiri fún ìṣínu. Ó ní, "Ẹ kú ààwẹ̀ o." Ràsáàkì gbójú kúrò lára ẹ̀. Ó kọjá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, mo jẹ ààwẹ̀."

Tẹ̀súbáà tó ń yí lọ́wọ́ Alùfáà dúró. "Kí lo jẹ?"

"Òwú ni, Bàbá."

"Òwú?"

"Òwú òfì. Ẹ̀kọ ló wà lára ẹ̀." Ó sọ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: ẹjọ́ tí Àjàgbé ní kí wọ́n dá, ọ̀nà tó nà, òwú tó já, ìkínní tó gbàgbé, èkejì tó mọ̀.

Alùfáà gbọ́ ọ tán, ó gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. "Nínú àlá tó o lá yìí, o dé ọ̀dọ̀ Gàmbàrí Ṣakí?"

"Mo débẹ̀, Bàbá."

"O ò jẹ níbẹ̀?"

"Mo kọjá ni."

"Arúgbó Komu ńkọ́? Èyí tó ń fi òrí dín in, tó máa ń... tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gan díẹ̀ báyìí..."

"Mo kọjá òun náà."

Itọ́ dá lọ́fun Alùfáà. Ó yára na ọrùn síta, ó tu ú. "Ọmọ yìí, o fẹ́ kí èmi náà jẹ tèmi! Ta wá ni o jẹ tiẹ̀?"

Ràsáàkì dojú bolẹ̀. "Ti ilé yìí ni, Bàbá."

Ọlọ tó ń dún lẹ́yìn ògiri dákẹ́.

Alùfáà wo ọ̀nà ògiri, ó tún wo Ràsáàkì. Ó ní, "Èkejì tó o ní o mọ̀ yìí, nígbà tó o gbé e mì, kí lo gbé mì?"

"Àkàrà ni, Bàbá."

"Ojú rẹ ti là?"

"Ó ti là. Àkàrà náà ni. Títí di bí mo ṣe wà níwájú yín yìí, àkàrà ni lẹ́nu mi."

"Ẹni tó gbé òwú mì tó ń pè é ní àkàrà, ẹni náà ò tíì jí. Ojú rẹ nìkan ló ti dé ibí, ìwọ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Oṣù méjì kọ́ ni tìrẹ. Ṣùgbọ́n oòrùn ń bẹ lókè, o sì rí i, o ò ní lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ni wàá san."

"Ọjọ́ wo, Bàbá?"

"Ọjọ́ yìgì rẹ."

Ràsáàkì gbójú sókè. Kò mọ̀ bóyá kóun dúpẹ́ ni tàbí kóun sunkún.

Alùfáà ní, "Ẹni tó lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí mì, tó tún fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá sọ ọ́ fún mi, kò ní ká ẹní ìrun kọ́ àjà. Màá ránṣẹ́ sí ọlọ́bì. Dìde." Lẹ́yìn ògiri, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

Ọjọ́ yìgì pé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo ọkọ ìyàwó tó ń gbààwẹ̀! Ìtúnu ti kọjá lánàá, gbogbo ìlú ń jẹun. Ìyá Àdìjátù dá iná sí ààrò mẹ́ta, àkàrà ẹlẹ́ran ló ń dín fún àlejò. Ràsáàkì jókòó nínú agbádá tó fọwọ́ ara ẹ̀ hun, ebi sọ ọ́ di ẹni fífúyẹ́, èéfín àkàrà ń fẹ́ lù ú lójú. Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú ẹ̀ bí ìgbà tí ẹja bá ń kọjá nínú omi, wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn, kò mọ ohun tó ń dáhùn. Wọ́n so yìgì, ó ní òun gbà, ohùn ẹ̀ dún létí ẹ̀ bíi ti ẹlòmíì.

Àjàgbé mú àkàrà dání, ó wá jókòó síwájú ẹ̀ gan-an. "Ọkọ ìyàwó, ẹ kú ààwẹ̀ o! Ẹ wò ó, ẹran yìí ń yọ òróró lójú."

"Ọlọ́run ń rí ọ," Ràsáàkì ní.

"Ọlọ́run ló ní kí n jẹ ẹ́."

Oòrùn ọjọ́ náà, ó ní òun ò rí èyí tó lọ́ra tó o rí láyé òun. Ó rọ̀ sórí igi, kò fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bọ́ tán, tí wọ́n pe ìrun, tí wọ́n kí i tán, Àdìjátù jáde. Ó bo orí, ó kúnlẹ̀, ó gbé ewé kan síwájú ẹ̀. Àkàrà kan ló wà níbẹ̀, ooru ń jáde láàárín ẹ̀. Kò jẹ́ kí ìyá ẹ̀ fọwọ́ kàn án. Òun ló lọ̀ ọ́, òun ló dín in, òun ló là á. Ó ní, "Ẹ wá jẹun."

Bó ṣe wí i lójú àlá gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ràsáàkì gé e jẹ. Kò níyọ̀. Kò níyọ̀ rárá, bí ẹni ń jẹ òwú! Àyà tó ń já Àdìjátù láti àárọ̀ ti jẹ́ kó gbàgbé iyọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó dorí kodò, ó ń retí.

Àjàgbé ní, "Àwa ṣì ń dúró dè ọ́ o. O ò tíì dá ẹjọ́ tiwa yẹn. Ti ta ló dùn jù?"

Ràsáàkì jẹ ẹ́ lọ, ó gbé e mì. Ó ní, "Láyé mi, mi ò jẹ irú èyí rí."

Àjàgbé fọwọ́ já ṣóńṣó kan níbẹ̀, ó jù ú sẹ́nu. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó la ẹnu báyìí, Mùílì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì. Ó pa ẹnu dé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹnu Àjàgbé dì láyé ẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Àdìjátù tọ́ èyí tó kù lára ewé wò. Ó pariwo. "Yéè, iyọ̀! Ẹ ò sì sọ fún mi!"

Ràsáàkì ní, "Ti ojú àlá níyọ̀ dáadáa."

Ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà lọ, Àdìjátù ò fọwọ́ kékeré bu iyọ̀ mọ́, pé ó fẹ́ẹ̀ fi iyọ̀ pa òun kí àwọn tó darúgbó.

Tèmi tán. Ó ku tiyín. Oúnjẹ ibo lẹ lè rìn dé lójú àlá? Ṣé ti ibi tó dùn bákan náà níbi gbogbo ni, àbí ti ẹni tó máa ń bú yín kó tó tà fún yín? Ẹ kọ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ọmọ yín bá yín kọ ọ́, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ṣáà má gbàgbé sọ bó bá níyọ̀.